Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Tàn Bí Iná ní Lọ́ńdọ̀nù

Láti ìgbà tí mo ti dé, àwọn ará Ìpọ̀nrí kò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n ní kí n sọ bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe rí. Ẹni tó lọ ọ̀sẹ̀ méjì péré á padà dé, á máa fimú sọ̀rọ̀, á ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà. Èmi tí mo lo oṣù mẹ́rin gbáko, mo dákẹ́. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti wo gbogbo ìlú náà. Òun ló jókòó sínú àga onítáyà, èmi ló ń tì í. Bí ẹ bá ní kí n ya Lọ́ńdọ̀nù fún yín, ìpàkọ́ Ẹ̀gbọ́n ni màá kọ́kọ́ yà.

Ìdí kejì tí mo fi dákẹ́ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo jowú. Àwọn ènìyàn a máa jowú ẹni tó kọ́lé, ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lẹ́wà. Èmi jowú ọkùnrin tí àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọmọ ìyá mi sì ni. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

ONÍGẸDÚ ÀTI Ọ̀JỌ̀GBỌ́N

Ẹ̀gbọ́n mi, Ládépò, onígẹdú ni. Létí ọ̀sà, lápá Mákòkó, ló ti ń la igi, níbi tí èéfín ẹja yíyan àti eruku pákó ti ń jùmọ̀ wọ ènìyàn nímú. Nígbà tó kà dé ìwé mẹ́fà, ó ní ó tó. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo kàwé dé yunifásítì, tí mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yábàá. Ọdún méjìlá ni mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún méjìlá náà ni wọ́n fi ń dá wọn padà, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì rí àwọn ènìyàn tó mọ ọpẹ́ dá tó bẹ́ẹ̀.

Níwájú àlejò, Ẹ̀gbọ́n a máa pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó mọ̀ dáadáa pé mi ò tíì sún mọ́ ibẹ̀.

Láti ìgbà èwe ló ti ń fa sìgá. Ó ní ẹ̀fọn etí ọ̀sà ni òun fi ń lé. Nígbà tí ikọ́ kan dé tí kò lọ, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀ nílé ìwòsàn kan níhìn-ín, wọ́n rí nǹkan roboto bí ẹyin àparò nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún. Bísí, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí wọ́n máa gbé bàbá òun bọ̀ kíá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa olùkọ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún náà, mo sì wà nílé tí mo ń bá ìyàwó mi já ẹ̀fọ́.

Ẹ gbọ́ mi yé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń rí ara mi tí mo ń wọ Lọ́ńdọ̀nù. Nínú àlá yẹn, ìwé wà lábíyá mi, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń dúró dè mí. Ọjọ́ tí mo máa wá lọ, báàgì onígẹdú ni mo gbé dání. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìlagi ló wá sin Ẹ̀gbọ́n. Mùsùlùmí ṣàdúà, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì gbàdúrà. Ìyá kan tó ń yan ẹja ní Mákòkó di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà, ẹ bá wa tọ́jú bàbá wa o. Ẹ̀yin náà á kúkú ríran wò."

Ẹ̀yin náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

WỌ́N Ń PÈ É NÍ SÀ

Òtútù ìlú náà kò jọ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa gbẹ ènìyàn létè. Ti ọ̀hún, inú egungun ló ń gbà wọlé, kò sì kan ilẹ̀kùn. Bí a ṣe dé ibùdó ọkọ̀ òfurufú, òyìnbó kékeré kan gbé àga onítáyà wá, ó tẹrí ba fún Ẹ̀gbọ́n, ó pè é ní sà. Ó wá kọjú sí mi, ó nawọ́ sí àwọn báàgì wa nílẹ̀. Mo gbé wọn.

Ọkùnrin tó ń wo páásípọ́ọ̀tù wo ojú Ẹ̀gbọ́n, ó wo ìwé ilé ìwòsàn, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà, sà. Kí ara yín yá o." Ó tán. Ó kan èmi. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe? Ìgbà wo ni màá padà? Ṣé ó dá mi lójú pé màá padà? Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé dá a lóhùn, irú èyí tí mo fi ń fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi létí. Ọkùnrin náà gbé orí sókè.

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ mà dára o. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Èmi ló ń kọ́ àwọn ènìyàn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó lu páásípọ́ọ̀tù mi lóǹtẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà látinú àga rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí lo sọ tó pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀? Sọ fún èmi náà."

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Yàrá méjì ni ilé Bísí, ó kéré, ó móoru, ó ń rùn bí ọṣẹ. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún bàbá rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí mẹ́ta sí i. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú.

"Dádì kékeré, ẹ máà bínú, ilẹ̀ lẹ máa sùn o."

Láti kékeré ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ní Ìpọ̀nrí, kì í dùn mí.

ẸJA TÓ KÚ LÁSÁN

Mo ti kà nínú ìwé pé àwọn ará ibẹ̀ kì í kí ara wọn nínú bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, mo dákẹ́ bíi tiwọn, mo ń wo bàtà mi, mo sì gbà pé ẹni tó mọ àṣà ni mí. Ẹ̀gbọ́n kò ka ìwé yẹn. Bí mo bá ti tì í dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, á yọ fìlà, á kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì ilé ìlagi, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyàwó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ń dá a lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí a bá pẹ́ dé, wọ́n á ti máa wo ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi irun àgùntàn hun nǹkan. Nígbà tí irun orí Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí re nítorí oògùn, fìlà ni ìyá náà hun fún un, aláwọ̀ búlúù, ó tún fi òdòdó kékeré sí etí rẹ̀. Èmi náà ń gbọ̀n nínú òtútù lójoojúmọ́ níwájú ìyá yìí. Kò tilẹ̀ béèrè orúkọ mi.

Ní ti oúnjẹ, kí n má tàn yín. Bísí ń fi ìyẹ̀fun ànàmọ́ ro ohun kan tó funfun bí iyán. Ojú ló mọ̀ ọ́n ní iyán; ọ̀nà ọ̀fun kò mọ̀ ọ́n rí. Nílé ìwòsàn, wọ́n á gbé ẹja bíbọ̀ wá, kò sí ata, kò sí epo, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé á sì yí i ká bí ẹni tó wá ṣọ̀fọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e síwájú Ẹ̀gbọ́n, ó wò ó títí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Sà."

"Ẹja yìí kú lásán."

Nọ́ọ̀sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wá ata fún un káàkiri.

Ohun kan ṣoṣo tó ti ilé mú wá tó ń tù ú lára ni ìdì orín àtá kan, tó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé. Láràárọ̀, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á ti ki ọ̀kan bọnu. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń rún un, nítorí àwọn eyín inú ti apá òsì ti lọ tipẹ́. Ẹ rántí orín yìí.

IKÁN INÚ IGI

Dókítà àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọkùnrin gígùn tí awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú, pè wá jókòó kí wọ́n tó fa oògùn kankan sí i lára. Ó ní àwòrán àyà tí a mú wá láti ilé dára, ṣùgbọ́n bí nǹkan náà ṣe tóbi tó nìkan ló lè sọ. Kò lè sọ bóyá ó wà láàyè. Oògùn lè ti pa á kí òkú rẹ̀ ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kó má sì tíì súnkì.

Ó wá sọ fún wa nípa ẹ̀rọ titun kan. Jẹjẹrẹ, ó ní, ọ̀jẹun ni. Ó ń gba ṣúgà mọ́ gbogbo ará ilé lọ́wọ́. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún aláìsàn ní ṣúgà tí wọ́n ti fi ìtànṣán díẹ̀ sí, wọ́n á dúró fún wákàtí kan, ẹ̀rọ á wá wo ibi tí ṣúgà náà kó jọ sí. Ibi tó bá ń jẹun jù ló máa tàn jù. Wọ́n á ya èyí ṣáájú oògùn, wọ́n á tún yà á lẹ́yìn ìgbà kejì tí wọ́n bá fún un lóògùn.

"Bí iná náà bá rẹlẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́, a ó máa bá a lọ. Bí kò bá rẹlẹ̀, a ó dá a dúró. Oògùn yìí le. Kò yẹ kí a máa fi da ènìyàn láàmú lásán."

"Bí ẹ bá dá a dúró ńkọ́?" Bísí ló béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni, ó mọ̀.

"Ẹ lè máa gbé bàbá yín lọ sílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá sí i, mo ń sọ nípa ìṣẹ̀dá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìpín oúnjẹ ara. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, dúró ná." Ó kọjú sí dókítà, ó bá a sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń bá àwọn awakọ̀ gẹdú ná ọjà. "Dókítà, bí mo bá fi tépù wọn igi, màá mọ bó ṣe tóbi. Mi ò lè mọ̀ bóyá ikán wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé etí lé e, màá gbọ́ wọn bí wọ́n bá ń jẹun. Àwòrán ilé wa, tépù ni. Ẹ̀rọ tiyín yìí, etí ni. Àbí?"

Dókítà ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó mú bírò.

"Etí ni," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó ń kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí aláìsàn tí kò sọ ọ́ fún: "Onígẹdú kan láti Èkó sọ fún mi pé..." Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ọdún méjìlá ni ìlú yìí fi kọ gbogbo gbólóhùn mi. Gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tó sọ ọ́ ni wọ́n gbà á, wọn kò tilẹ̀ ní kó tún ibì kankan ṣe.

Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ jáde, ẹyin àparò inú àyà rẹ̀ ń tàn bí ẹ̀yín iná. Orí rẹ̀ náà ń tàn yòò. Jẹ́nì, ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, ní kí a má bẹ̀rù, pé ọpọlọ gbogbo ènìyàn ló ń jẹ ṣúgà.

Ẹ̀gbọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Wò ó dáadáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọpọlọ ìwé mẹ́fà nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ni mo ń rò ó bóyá tèmi á tàn tó bẹ́ẹ̀.

MO RÍ I

Oògùn náà kò ṣe Ẹ̀gbọ́n jẹ́jẹ́. Ó bì, ó rù, èékánná rẹ̀ dúdú. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, mo ń gbọ́ tó ń kérora, àánú rẹ̀ ń ṣe mí gan-an. Kí ẹ má rò pé kò ṣe mí láàánú. Àánú àti owú lè gbé inú ilé kan náà bí orogún, kí wọ́n máa yà fún ara wọn lójú ọ̀nà ìdáná.

Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ya àwòrán ẹlẹ́ẹ̀kejì, dókítà àgbà ní kí a bá òun dé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kí Ẹ̀gbọ́n wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ikán fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn àga ibẹ̀ ga sókè bí àtẹ̀gùn, pátákó ìkọ̀wé fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Gbọ̀ngàn tí mò ń rí lójú àlá nìyẹn gan-an. Mo ti Ẹ̀gbọ́n dé iwájú. Dókítà gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀yàyà nawọ́ sí ẹ̀yìn pátápátá, ó ní àga ń bẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń fi agboòrùn sí. Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú fìlà òdòdó lórí, sọ ọ̀rọ̀ ikán. Àwọn ọmọ náà dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Jẹ́nì gbà wá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ka òfin fún mi kí n túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ ti jẹun láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti fún un lábẹ́rẹ́ ṣúgà, kí ó dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Kó má mira, kó má sọ̀rọ̀, kó má sì jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, nítorí iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ á gba ṣúgà jẹ, á sì tàn nínú àwòrán.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n: "Wọ́n ní kí ẹ má mira, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀." Mo fo ti ṣíngọ́ọ̀mù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa wo ló ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù?

"Kí n má sọ̀rọ̀?" Ẹ̀gbọ́n ní. "Bí ẹnìkan bá wọlé tó kí mi ńkọ́? Kí n máa wò ó bí ewúrẹ́?"

"Ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀, sà."

Ó ronú díẹ̀. Ó wá ki ọwọ́ sápò, ó yọ orín kan, ó kì í bọnu lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin mọ ohun tó ṣe. Níbi tí a ti wá, ẹni tí orín wà lẹ́nu rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìkíni. Bí ọba bá kọjá, ó lè gbé ọwọ́ lásán sókè. Kí ó lè pa òfin tí mo kà fún un mọ́ ló ṣe ki orín bọnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rún un. Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi pé òun ti ṣetán.

Jẹ́nì kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń tọ́jú abẹ́rẹ́. Iná yàrá náà kò sì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi rí orín náà bí mo ṣe ń rí ìwé tí mò ń kọ yìí. Mo sì mọ ohun tí Jẹ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ẹnu mi ì bá là. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ọmọbìnrin yìí rí i, kó bá a wí. Kí ẹnìkan ní ìlú yìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ohun tó ṣe kò dára. Mi ò rò ó kọjá ìbáwí. Mo jáde, mo rọra pa ilẹ̀kùn dé, mo sì lọ jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi kùkúmbà sí láàárín.

Jẹ́nì kò rí i. Nígbà tí wákàtí náà pé, Ẹ̀gbọ́n ti dá orín padà sápò rẹ̀, bí ọmọlúàbí tí kì í tutọ́ sílé onílé.

Ẹ̀RẸ̀KẸ́ Ọ̀TÚN

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà àgbà pè wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fíìmù méjèèjì kọ́ sójú iná, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ àti titun. Nínú titun, ẹ̀yín iná inú àyà Ẹ̀gbọ́n ti rẹlẹ̀, bí èyí tí wọ́n da eérú bò. Bísí lọgun, ó pàtẹ́wọ́. Dókítà na ìka rẹ̀ sókè.

"Ṣùgbọ́n," ó ní.

Ó fi bírò tọ́ka sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n ń tàn. Ó ń tàn ju bí àyà rẹ̀ ṣe tàn lákọ̀ọ́kọ́ lọ. Ti òsì dúdú.

"Èyí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àrùn náà bá lè fò dé ibí yìí nígbà tí oògùn ṣì wà lára wọn, a jẹ́ pé oògùn ti kùnà. A máa ní láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ abẹ á kọ́kọ́ gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Ẹnu mi ló fẹ́ ti gbọ́ ọ.

"Kí ló wí?"

Mo sọ fún un. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí wọ́n má gé nǹkan kan. Bó bá ti dé orí, ẹ gbé mi lọ sílé. Mi ò fẹ́ kú síbi tí ẹja ti ń kú lásán."

"Dádì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Bísí ti kúnlẹ̀, ó di àga onítáyà mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tì í lọ lójú rẹ̀.

Dókítà fa fóòmù tí wọ́n fi ń dá oògùn dúró mọ́ra. Mo rí bírò rẹ̀ tó kan ìwé.

"Orín ni," mo ní.

"Kí ni?"

Ẹ wò mí, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì inú mi gbẹ. "Igi," mo ní. "Igi ni. Wọ́n ń jẹ igi."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Onígẹdú yìí ń jẹ igi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ orín yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀gbọ́n yọ ọ́ látinú àpò. Ẹnu rẹ̀ kan ti di búrọ́ọ̀ṣì. Mo ṣàlàyé: wákàtí kan gbáko, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti wọlé. Dókítà gba orín náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó ránṣẹ́ pe Jẹ́nì. Ojú ọmọbìnrin náà funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

"Mo sọ ọ́," ó ní. "Mo sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan lẹ́nu." Èmi ló ń wò.

Bísí yíjú sí mi lórí ìkúnlẹ̀. "Dádì kékeré, ṣé wọ́n sọ fún yín?"

"Wọ́n sọ fún mi."

"Ẹ wá gbàgbé?"

Ilẹ̀kùn ìgbàgbé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹni tí ì bá dá mi lẹ́bi. Àgbà ń gbàgbé. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Kò wò mí. Ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń tàn lára ògiri.

"Mi ò gbàgbé," mo ní. "Mo rí orín lẹ́nu wọn. Mo sì dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n yíjú kúrò lára ògiri.

"Mo mọ̀ pé o rí mi. Mo gbé ọwọ́ sókè sí ọ." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Nítorí ọ̀rọ̀ ikán yẹn ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Dókítà rò pé mo dákú, ó fò dìde, ó ń kígbe pe nọ́ọ̀sì. Jẹ́nì ti di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wá bí ọkàn mi ṣe ń lù.

"Dìde, Ọ̀jọ̀gbọ́n," Ẹ̀gbọ́n ní, "kí wọ́n má lọ fún ìwọ náà lábẹ́rẹ́ ṣúgà. Wọ́n á yà ọ́, gbogbo wa á sì rí ibi tí owú ń gbé jẹun."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé e mì. Bísí kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ mi síwájú mi, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé orúkọ tó ń pè mí yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀.

ÌWÉ TÍ WỌ́N TẸ̀ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Wọ́n tún àwòrán náà yà. Èmi fúnra mi ni mo tú àpò Ẹ̀gbọ́n kó tó wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú, tọ̀tún tòsì. Àyà rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yín iná inú eérú. Dókítà ya fóòmù ọjọ́sí sí méjì, wọ́n sì ń bá oògùn lọ.

Ó ku díẹ̀ kí a padà sílé ni Jẹ́nì wá bá mi. Ó ní àwọn fẹ́ tún ìwé òfin tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn tẹ̀, àwọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ igi yẹn kún un. Kí ni a ń pè é? Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́, mo fi gbogbo àmì sí i dáadáa. Nígbà tí ìwé náà jáde, ó wà níbẹ̀, lábẹ́ ṣíngọ́ọ̀mù: orin. Wọ́n gbàgbé àmì. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ohun àkọ́kọ́ tí Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ jáde nínú ohun tí mo kọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láìsí orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀dà márùn-ún. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri ilé ìlagi ní Mákòkó, kò sì sí oníbàárà tí kò fi hàn. "Èmi ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ yẹn," á ní. "Àbúrò mi ló kọ ọ́."

Àwa rí Kérésìmesì méjì pẹ̀lú rẹ̀ sí i. Ó padà sídìí igi rẹ̀, ó ń dé fìlà òdòdó nínú ooru. Nígbà tí ikọ́ náà padà dé, kò sí irú ẹ̀rọ yẹn nílùú wa tó lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò dúró de ẹ̀rọ. Ó gbé ọwọ́ lé àyà lọ́jọ́ kan, ó tẹ́tí, ó ní, "Wọ́n ti tún ń jẹun." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi papò dà.

Fíìmù tó bàjẹ́ yẹn, Jẹ́nì fún mi lọ́jọ́ tí a ń bọ̀. Ó ní kò wúlò fún àwọn. Ó wà lọ́wọ́ mi ní Ìpọ̀nrí. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, mo máa ń gbé e sójú fèrèsé. Nínú àwọn àwòrán yòókù, àìsàn là ń wá, àìsàn náà la sì rí. Nínú èyí nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi gan-an ti ń tàn: ó ń rún orín lápá ọ̀tún, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń pa òfin tí mo kà fún un mọ́.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti béèrè fún fíìmù náà. Bísí náà ti kọ lẹ́tà mẹ́ta, nínú ẹ̀kẹta, ó ní, "Dádì kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni ín." Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò lè fún un. Bó bá béèrè ìdí rẹ̀, ẹ sọ fún un pé owú ni, ó mọ̀ mí.